Àṣẹ Ta Ni? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Yọ Sọ́fítíwíà Tí Kọ̀ǹpútà Kọ̀ Láti Jọ̀wọ́

Sọ́fítíwíà kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀ láti yọ ọ́, ẹ̀rọ sì kọ̀: ó ní kò ní àṣẹ lórí àwọn fáìlì kan. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á yọ ìdajì, á fi ìdajì sílẹ̀. Fódà tó ṣẹ́kù á máa gba ààyè, ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà náà kò sì ní lè wọlé nítorí pé ti àtijọ́ kò tíì kúrò tán. Ìṣòro yìí kò mọ ìlú ńlá, kò mọ ìlú kékeré. Ní Òsì, ní Ìlọfà, ní Odò-Ọ̀wà àti ní Araromi-Ọ̀pin, kọ̀ǹpútà ni àwọn tó ń tẹ̀wé fún ará ìlú fi ń jẹun. Òun ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣètò èsì ìdánwò, òun náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) tó wà ní Òsì fi ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún wọn.

Èrò kò ṣọ̀kan lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àwọn kan ní kí a fi agbára gba àṣẹ. Àwọn kan ní kí a tún ẹ̀rọ tàn. Àwọn mìíràn ní kí a fọ́máàtì gbogbo rẹ̀ kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti wúlò, ó sì ní ibi tó ti lè ba iṣẹ́ ẹni jẹ́. Àgbéyẹ̀wò yìí tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ̀n wọ́n lójú ohun tó wà nílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, iná tó ń ṣe ségesège, dátà tó wọ́n, àti ẹnjiníà tó lè jẹ́ pé Ọmù-Àrán tàbí Ìlọrin ni a ó ti rí i.

Ibi tí kíkọ̀ náà ti ń wá

Windows ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, nítorí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1993 ni Microsoft gbé Windows NT 3.1 jáde pẹ̀lú ètò ìpamọ́ fáìlì tí a mọ̀ sí NTFS. Nínú NTFS, fáìlì àti fódà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín. Ó tún ní àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó lè kà á, ẹni tó lè yí i padà, àti ẹni tó lè pa á rẹ́. Àkọsílẹ̀ yìí kì í fi orúkọ dá ènìyàn mọ̀. Nọ́ńbà gígùn tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5 ló fi ń dá àkántì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí nọ́ńbà ẹni tó kọ́kọ́ lo láptọ́ọ̀pù ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà bá wà lórí fódà kan, tí wọ́n sì pa àkántì rẹ̀ rẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó dé ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, nọ́ńbà náà kò ní kúrò lórí fódà. Ó dà bí ilé tí ẹni tó kọ́ ọ ti kó kúrò, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀: ẹlòmíràn ló ń gbé ibẹ̀, ìwé kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2007, Windows Vista fi ohun méjì kún un. Èkíní, àkántì alábòójútó pàápàá kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ àfi tí ẹni tó ń lò ó bá fọwọ́ sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá bi í. Èkejì, àwọn fáìlì tó gbé Windows fúnra rẹ̀ ró bọ́ sọ́wọ́ ètò kan tí ẹ̀rọ ń pè ní TrustedInstaller, alábòójútó kò sì lè ṣàdédé pa wọ́n rẹ́.

Àwọn kíkọ̀ mìíràn wà tó jọ ti àìní àṣẹ, àmọ́ tí orírun wọn yàtọ̀. Fáìlì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ètò kan dì í mú. Sọ́fítíwíà tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì lè máa dáàbò bo ara rẹ̀ kí ọlọ́ṣà má bàa yọ ọ́, kó wá tipa bẹ́ẹ̀ kọ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ti ìjọba, òfin tí wọ́n ti òkèèrè fi sórí rẹ̀ lè má gba ẹni tó ń lò ó láyè láti yọ ohunkóhun. Ohun tó fa kíkọ̀ ló ń sọ oògùn tó yẹ. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn àwọn èrò tó tẹ̀ lé e yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Èrò kìíní: kí a gba ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó ṣe é là sílẹ̀

Àwọn tó di èrò yìí mú ní sọ́fítíwíà ló mọ ibi tó kó ẹrù rẹ̀ sí, nítorí náà òun ló yẹ kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kí a lọ sí Settings, kí a wọ Apps, kí a yọ ọ́ níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kí a wọlé pẹ̀lú àkántì alábòójútó, kí a wá fáìlì ìyọkúrò nínú fódà sọ́fítíwíà náà, kí a tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kí a sì yan "Run as administrator". Bí ó bá jẹ́ sọ́fítíwíà agbógunti-fáírọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní irinṣẹ́ ìyọkúrò tirẹ̀: MCPR ni ti McAfee, avastclear ni ti Avast, kavremover ni ti Kaspersky.

Agbára èrò yìí ni pé kò fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àṣẹ rárá. Ó tún ń yọ ohun tí ojú kò rí: ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, àti ohun tí sọ́fítíwíà kọ sínú Registry, tí í ṣe ìwé ìrántí Windows. Àìlera rẹ̀ ni pé ó gbára lé fáìlì ìyọkúrò tó ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Bí iná bá lọ láàrin kan, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù kò sì dára, ètò ìyọkúrò lè ti pa ara rẹ̀ rẹ́ kó tó parí iṣẹ́. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Àwọn kan máa ń pa fódà C:\Windows\Installer rẹ́ láti wá ààyè lórí díìsìkì, láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni Windows tọ́jú ìwé tó fi ń yọ ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà. Ẹni tó bá pa á rẹ́ ti ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ ara rẹ̀.

Èrò kejì: kí a gba fáìlì náà di tiwa

Èrò yìí ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ díẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ kò bá mọ̀ wá, wọ́n ní kí a tún àkọsílẹ̀ kọ. Nínú Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, àṣẹ takeown ń sọ fáìlì di tiwa, àṣẹ icacls sì ń fún wa ní agbára lórí rẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé nínú NTFS, ẹni tó bá ni fáìlì lè yí àkọsílẹ̀ àṣẹ rẹ̀ padà nígbàkigbà, kódà bí àkọsílẹ̀ náà bá dínà fún un lọ́wọ́lọ́wọ́.

Fún láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣì ní nọ́ńbà ẹni àtijọ́ lórí fódà, kò sí oògùn tó bá a mu tó èyí. Kò ná dátà, kò sì pẹ́. Síbẹ̀, ewu rẹ̀ wà níbi fífẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá pa àṣẹ yìí lórí fódà sọ́fítíwíà kan ṣoṣo lè máà rí aburú kankan. Ẹni tó bá pa á lórí gbogbo Program Files, tàbí lórí fódà Windows fúnra rẹ̀, ti tú ààbò tí TrustedInstaller ń ṣe, fáírọ́ọ̀sì á sì rí ọ̀nà wọlé sí ibi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀. Títún un ṣe kò rọrùn, nítorí pé oríṣiríṣi ni àṣẹ tó wà lórí àwọn fáìlì náà látilẹ̀wá. Àwọn tó fi ìṣọ́ra tẹ̀ lé èrò yìí máa ń kọ́kọ́ lo "icacls" pẹ̀lú "/save" láti tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú fáìlì kan, kí "/restore" lè dá a padà bí nǹkan bá yíwọ́. Àìlera kejì ni pé pípa fódà rẹ́ yàtọ̀ sí yíyọ sọ́fítíwíà: fódà lè lọ tán kí Registry ṣì máa pe orúkọ rẹ̀.

Èrò kẹta: ọwọ́ ló dì í mú, kì í ṣe àìní àṣẹ

Àwọn tó ń sọ èyí ní a máa ń dá àṣẹ lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Bí ètò kan bá ń lo fáìlì lọ́wọ́, Windows kò ní jẹ́ kí a pa á rẹ́, bí a tilẹ̀ ní gbogbo àṣẹ ayé. Ìwádìí ló yẹ kó ṣáájú agbára. Irinṣẹ́ Sysinternals, tí Mark Russinovich àti Bryce Cogswell dá sílẹ̀ ní 1996, tí Microsoft sì rà ní 2006, wúlò gan-an níbí. Process Explorer máa ń fi ètò tó di fáìlì mú hàn. Process Monitor máa ń fi ìyàtọ̀ hàn kedere: "ACCESS DENIED" ni ti àìní àṣẹ, "SHARING VIOLATION" ni ti fáìlì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọn kò sì tóbi.

Abẹ́ èrò yìí náà ni ìmọ̀ràn pé kí a tún ẹ̀rọ tàn wà. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Láti Windows 8, tó jáde ní 2012, pípa ẹ̀rọ kì í ṣe pípa tán lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Fast Startup ń tọ́jú apá kan Windows sórí díìsìkì kí ẹ̀rọ lè yára tàn. Fáìlì tí sọ́fítíwíà ní òun yóò pa rẹ́ "nígbà tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn" lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ bí a bá pa ẹ̀rọ tí a sì tún tàn án. Restart ló ń ṣe iṣẹ́ náà dé òpin. Níbi tí a ti ń pa ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ nítorí iná, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ Restart, ìmọ̀ yìí nìkan lè yanjú ọ̀pọ̀ ìṣòro.

Safe Mode tún wà, níbi tí Windows ti ń tàn pẹ̀lú ètò díẹ̀. Ó ń tú fáìlì sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ètò tó dì wọ́n mú, àmọ́ Windows Installer kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà sọ́fítíwíà tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé kì í ṣeé yọ níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Àìlera èrò yìí lápapọ̀ ni pé ó gba sùúrù àti ojú tó mọ ìwé ẹ̀rọ kà, kò sì ní ìdáhùn kankan fún fódà tí nọ́ńbà ẹni àtijọ́ wà lórí rẹ̀ ní tòótọ́.

Èrò kẹrin: kí a gbé iṣẹ́ náà fún sọ́fítíwíà ayọsọ́fítíwíà

Revo Uninstaller, Geek Uninstaller àti IObit Uninstaller wà lára irú wọn. Wọ́n máa ń pe ètò ìyọkúrò tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á wá ohun tó ṣẹ́kù nínú fódà àti nínú Registry. Fún ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ kankan, ìrànwọ́ gidi ni, àwọn kan lára wọn sì máa ń ṣe ojúkò ìpadàbọ̀ (restore point), tí a lè dá ẹ̀rọ padà sí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí ni pé àfojúdá ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ṣẹ́kù, wọ́n sì lè ṣì í mú. Ìtàn Microsoft fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ilé iṣẹ́ náà ní irinṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Windows Installer CleanUp. Ní 2010, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní gbangba nítorí pé ó máa ń ba apá mìíràn kọ̀ǹpútà jẹ́ nígbà tó bá ń tún ọ̀kan ṣe. Ewu kejì sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí: ẹ̀dà tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí a ń gbà láti orí fláàṣì ẹlòmíràn. Irú sọ́fítíwíà yìí nílò agbára alábòójútó kó tó ṣiṣẹ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, àwa fúnra wa la fi gbogbo ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́.

Èrò karùn-ún: kí a bá a láti ìta

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ẹnjiníà fẹ́ràn: kí a tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì tó ní Linux, ètò mìíràn tó lè gba ipò Windows, kí a wọ díìsìkì Windows láti ibẹ̀, kí a pa fódà náà rẹ́. Nígbà náà Windows kò sí lójú iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mú àkọsílẹ̀ àṣẹ rẹ̀ ṣẹ.

Níbi tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti kùnà, èyí lè gbé fáìlì tó le koko kúrò, ó sì tún wúlò láti fi gba ìwé ẹni là lórí ẹ̀rọ tí kò tàn mọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ fáìlì sọ́fítíwíà yàtọ̀ sí fáìlì Windows. Àṣìṣe ọwọ́ kan lè mú kí ẹ̀rọ má tàn mọ́. Bí Fast Startup bá ti fi Windows sùn dípò kó pa á, Linux kì í sábà gbà kí a kọ nǹkan sórí díìsìkì náà, ìdí rẹ̀ sì dára: ó lè da àkọsílẹ̀ rú. Bí BitLocker, ètò ààbò inú Windows, bá sì ti ti díìsìkì pa, kò sí ọ̀nà wíwọlé láìsí kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà oní-nọ́ńbà 48.

Èrò kẹfà: kí a fọ́máàtì

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń fi ìdáhùn yìí yanjú gbogbo ẹjọ́. Lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èrò yìí lágbára ju bí àwọn alárìíwísí rẹ̀ ti ń rò lọ. Ó pa àkántì àtijọ́ rẹ́, ó pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, ó sì lè pa fáírọ́ọ̀sì tí a kò mọ̀ rẹ́. Ẹni tó bá ṣe é lọ́jọ́ tó ra ẹ̀rọ kò ní pàdánù ìwé kankan.

Lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. "Reset this PC" lè fi ìwé ẹni sílẹ̀, àmọ́ á kó gbogbo sọ́fítíwíà tí a fi ọwọ́ ara wa gbé wọlé lọ, àti èyí tí a fẹ́ àti èyí tí a kò fẹ́. Bí a bá yan kí ó gba Windows tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè ná ju gígábáìtì mẹ́rin lọ. Bí a bá yan èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, kò ní gba Windows láti ibòmíràn. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ lè má tàn mọ́ rárá. Ẹni tó bá gbà kí a fọ́máàtì láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sí ibòmíràn ti gba àdánù ńlá nítorí fódà kan.

Èrò keje: kí a fi í sílẹ̀, kí a sì dènà òmíràn

Àwọn tó di èrò yìí mú béèrè pé: fódà tó ṣẹ́kù, kí ló ń ṣe fún wa? Bí kò bá ṣiṣẹ́, tí kò sì tóbi, kí a fi í sílẹ̀, kí a mójú tó ọjọ́ iwájú. Ìpìlẹ̀ wọn ni ìwé tí Jerome Saltzer àti Michael Schroeder gbé jáde ní 1975, tó sọ pé ètò àti ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ ní agbára ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà, ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá ń lo kọ̀ǹpútà kan náà, kí ọ̀gá nìkan di àkántì alábòójútó mú, kí àwọn yòókù lo àkántì lásán. Sọ́fítíwíà tí kò yẹ kò ní rọrùn láti wọlé, wàhálà yíyọ rẹ̀ á sì dín kù.

Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, àmọ́ kò ran ẹni tí ìṣòro ti bá lọ́wọ́. Fáìlì tó ṣẹ́kù pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀kan náà. Fódà àwòrán lásán kò léwu. Dírẹ́bà, ìyẹn ètò tó ń mú ohun èlò kan bá Windows ṣiṣẹ́, tó ṣì ń tàn pẹ̀lú ẹ̀rọ lè fa ìjà pẹ̀lú sọ́fítíwíà tuntun.

Àwọn tó ti bọ́ sórí Linux

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kò kúnjú òṣùwọ̀n Windows 11, nítorí náà àwọn kan ń wo ọ̀nà Linux. Ìlànà rẹ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, àṣẹ lórí fódà tí fáìlì wà nínú rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó lè pa á rẹ́, kì í ṣe àṣẹ lórí fáìlì fúnra rẹ̀. Aṣètò sọ́fítíwíà bí apt ló sì ń kó ẹrù wọlé tó ń kó o jáde, èyí tó dín ìyọnu kù gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá fi àṣẹ sudo, tó ń fúnni ní agbára alábòójútó, àti rm, tó ń pa fáìlì rẹ́, gba ọ̀nà kúkúrú kò ní rí ìkìlọ̀ tó pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àṣìṣe kan nínú àkójọ àṣẹ (script) Steam, sọ́fítíwíà géèmù, fún Linux pa ìwé ara ẹni àwọn tó ń lò ó rẹ́, nítorí pé ibi tó yẹ kí orúkọ fódà wà ṣófo.

Bí wọ́n ṣe rí lórí òṣùwọ̀n

Bí a bá tò wọ́n pọ̀, ìjà wọn kò tó bí a ti rò. Orírun ìṣòro tí kálukú wọn ń bá wí ló yàtọ̀. Nọ́ńbà ẹni àtijọ́ ni takeown ń wò. Fáìlì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Restart ń tú. Ìyọkúrò tó bàjẹ́ ni sọ́fítíwíà ayọsọ́fítíwíà ń gbà là. Ẹ̀rọ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ ni fọ́máàtì bá mu. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a fi agbára mú ní í ni ni lára. Nítorí náà, ètò tó bọ́gbọ́n mu ni láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣeé dá padà: ṣe ẹ̀dà ìwé sí ibòmíràn, rí i pé bátìrì kún, tẹ Restart, gba ẹnu ọ̀nà ojúlówó, wádìí ohun tó dì í mú, lẹ́yìn náà ni kí a tó fọwọ́ kan àṣẹ fódà kan ṣoṣo náà. Ètò yìí kò kan ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba fún ènìyàn ṣiṣẹ́, bí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkọ́ ń lò lábẹ́ KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, láti 2022. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín ló yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Èkíní, a kò tíì fẹnu kò lórí bí àjẹkù inú Registry ṣe ń pa ẹ̀rọ lára tó. Àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà ìfọmọ́ ní ó ń mú ẹ̀rọ lọ́ra. Microsoft ní tirẹ̀ kò fọwọ́ sí lílo wọn.

Èkejì, ó yẹ kí ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ya àkántì sọ́tọ̀, àmọ́ bóyá ẹni tó ń dá lo láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ nílò àkántì méjì ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ààbò rẹ̀ dájú, ìyọnu rẹ̀ náà sì dájú.

Ẹ̀kẹta, ta ló yẹ kó fọ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ mọ́: ẹni tó ń tà á ní Ìkẹjà ni, àbí ẹni tó rà á ní Ìlọfà? Títí di ìgbà tí ìlànà kan bá wà, ẹni tó rà á ló ń ru ẹrù náà.

Ẹ̀kẹrin ló le jù. Ẹni tó bá gba àṣẹ lórí gbogbo fáìlì láti yọ sọ́fítíwíà kan ti gba àṣẹ lórí àwòrán, ìwé ìfowópamọ́ àti lẹ́tà oníbàárà rẹ̀. Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni láti 2023. Bí òfin náà ṣe yẹ kó di ìwà ojoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, ìwé wo ló yẹ kí oníbàárà buwọ́ lù kó tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ta ni yóò sì bójú tó o, ìbéèrè wọ̀nyẹn ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn oníbàárà àti ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì láti jọ dáhùn.